Ṣé kò gbọ́ òyìnbó ni?

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Lẹ́tà mi lè gùn díẹ̀, ẹ bá mi fara dà á, torí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí látọjọ́ Sátidé tá a ṣèpàdé ẹbí nílé wa ní Màkún, ní Ṣàgámù níbí.

Ọmọ àbúrò mi obìnrin ló rí ádímíṣọ̀n gbà sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọ kan, Gẹ̀ẹ́sì ló fẹ́ kà, torí ìwé kíkọ ló wù ú láti kékeré. Bàbá ẹ̀ wá ní òun ò lè kó owó iléèwé àdáni, owó tó tó yẹn, sílẹ̀ fún ọmọ tó fẹ́ lọ kọ́ èdè tó ti ń sọ láti jẹ́lé-ó-sinmi, kó lọ ka lọ́ọ̀ tàbí nọ́ọ̀sì. Ẹ̀gbọ́n wa àgbà náà ní, "Àbí kò gbọ́ òyìnbó ni?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ yẹn ò rẹ́rìn-ín o, ilẹ̀ ló ń wò. Ó dùn mí wọnú egungun torí èmi náà ti jókòó síbi tó jókòó sí yẹn rí.

Èmi náà Gẹ̀ẹ́sì ni mo kà, ọdún mẹ́rin, níléèwé ìjọ, owó gbànja ni ìyá mi fi rán mi. Mo yege dáadáa nínú WAEC, mo sì rò pé kò sóhun tẹ́nikẹ́ni fẹ́ kọ́ mi mọ́. Ọ̀sẹ̀ kejì tá a wọlé ni lẹ́kíṣọ̀ wa kan, bàbá àgbàlagbà kan tó tún jẹ́ pásítọ̀, ní ká lọ kọ ojú ìwé kan nípa ọjà ìlú wa. Mo kó gbogbo gírámà tí mo ní jáde, mo ní ọjà wa rẹwà, ó gbòòrò, èrò ń wọ́ lọ wọ́ bọ̀, mo tún fi ọ̀rọ̀ gbàǹgbà kan sí i tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí nínú díkíṣọ́nárì láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Nígbà tí ìwé padà dé, bírò pupa ti gba gbogbo ẹ̀, ó wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé, ọjà wo nìyí?

Ó ní kí n wá rí òun. Ó bi mí pé kí ni màmá mi ń tà, mo ní obì, ó ní báwo lẹ ṣe ń ṣe é. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá ṣàlàyé fún un, bá a ṣe ń la apó ẹ̀, bá a ṣe ń rẹ ẹ́ sómi kí èèpo funfun tó bò ó lè rà kó ṣeé bó, bá a ṣe ń fọ̀ ọ́ tá a máa sẹ́ ẹ, tá a máa tẹ́ ewé sínú apẹ̀rẹ̀ ká tó kó o sí i, tí màmá mi á tún máa tú apẹ̀rẹ̀ yẹn wò lóòrèkóòrè kó lè ṣa èyí tí kòkòrò ti wọ̀ kúrò kó tó ran àwọn tó kù, àti àwọn Háúsá oníbàárà ẹ̀ ní Sábó tí wọ́n máa fọwọ́ kan obì lásán tí wọ́n á ti mọ̀ bóyá ó ti pẹ́ nílẹ̀, àti ọwọ́ màmá mi fúnra ẹ̀ tí oje obì ti pa láró, tí kì í lọ bó ti wù kó fọ̀ ọ́ tó, kódà lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó wọ aṣọ funfun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá yẹn ò sọ ǹkan kan títí mo fi parí. Ó wá ní, "Lọ kọ ọ́ bó o ṣe sọ ọ́ yẹn, ní Gẹ̀ẹ́sì, má jẹ́ kí ọ̀kan jábọ́ lọ́nà."

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo kọ ọ́. Èèpo funfun yẹn nìkan gbà mí lọ́jọ́ méjì, mi ò mọ ohun tí wọ́n ń pè é lédè òyìnbó, mo wá a títí nínú láíbìrì, ìgbà tí mo lọ bá a ó ní tí o ò bá lórúkọ ẹ̀, sọ ohun tó ń ṣe. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé òyìnbó tí mo rò pé mo gbọ́, mi ò tíì gbọ́ ọ, Yorùbá tí mo sì rò pé kò wúlò níbẹ̀ òun gan-an ni mo fi rí ohun tí mo kọ.

Ìwé Lúùkù orí kìíní ló máa ń kà fún wa, ibi tí Lúùkù ti ní òun ti wádìí ohun gbogbo fínnífínní kóun tó kọ ọ́ lẹ́sẹẹsẹ. Ọ̀rẹ́ mi kan kọ ìtàn díákónì tó jalè owó ìjọ, àwọn kan nínú kíláàsì ní irú ẹ̀ ò yẹ Kristẹni, bàbá yẹn ṣí Bíbélì, ó ka ọ̀rọ̀ Dáfídì àti Bátíṣébà, ó ka ti Pétérù tó sẹ́ Olúwa lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní ṣé ẹ rí i pé wọn ò bo ìkankan mọ́lẹ̀. Láti ọjọ́ náà ẹ̀rù ò bà mí láti kọ òótọ́ mọ́.

Àwọn tó ní iléèwé ìjọ ń sọ ọmọ di òyìnbó, kí wọ́n wo Àjàyí Crowther. Fourah Bay ní Freetown, kọ́lẹ́ẹ̀jì táwọn ìjọ Áńgílíkà dá sílẹ̀ ní 1827, wà lára ibi tó ti kàwé, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ ọ níbẹ̀, òun náà ló wá tẹ ìwé gírámà àti ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843, tó tún wà lára àwọn tó túmọ̀ Bíbélì tó pé pérépéré ní 1884. Àwa Ìjẹ̀bú ńkọ́, tá a ti ilẹ̀kùn mọ́ òyìnbó títí ogun Ìmàgbọ̀n fi dé ní 1892, ọdún mọ́kànlélógún péré lẹ́yìn ìyẹn, ní 1913, ìjọ ti dá Grammar School sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde. Awólọ́wọ̀ ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ lọ sí Wesley College n'Ìbàdàn, iléèwé ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, ó ṣiṣẹ́ oníròyìn kó tó di lọ́yà, ó sì dá ìwé ìròyìn Tribune sílẹ̀ ní 1949. Ṣé àwọn yẹn náà ò gbọ́ òyìnbó ni?

Àmọ́ ẹjọ́ mi pẹ̀lú àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì náà wà o. Ní Ìlíṣàn, nígbà tí àwọn Ádífẹ́ńtíìsì bẹ̀rẹ̀ ní 1959, akẹ́kọ̀ọ́ méje ni wọ́n ní, iléèwé yẹn ló di Yunifásítì Babcock ní 1999. Ẹ bá mi rò ó, akẹ́kọ̀ọ́ méje! Tíṣà á mọ ọ̀nà tí oníkálukú gbà ń ṣi ọ̀rọ̀ lò. Lónìí ọmọ á jókòó síwájú kọ̀ǹpútà JAMB, á dáhùn ìbéèrè ọgọ́ta ní Gẹ̀ẹ́sì, kò ní kọ gbólóhùn kan ṣoṣo, ó tún lè wọ yunifásítì kó máa fi títẹ A tàbí B ṣe ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì gbogboogbò níbẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀kọ́ ìkọ̀wé lójú tèmi. Ẹni tó máa jókòó ti ọmọ kó ka ìlà dé ìlà, kó dá a padà, kó tún kà á, òun ni mò ń bẹ àwọn iléèwé ìjọ ní Rẹ́mọ àti Ìjẹ̀bú pé kí wọ́n má fi du àwọn ọmọ, kódà bí kíláàsì bá máa kéré. Kí wọ́n sì jẹ́ kí Yorùbá wọ kíláàsì yẹn, kí wọ́n má fìyà jẹ ẹni tó bá sọ ọ́.

Ẹ̀yin òbí tó ń béèrè iṣẹ́, èmi rèé. Mò ń bá àwọn èèyàn tún ìwé wọn ṣe ní Ṣàgámù, ìwé àṣejáde, lẹ́tà, ìwé ìròyìn ìjọ, ìwé ètò ìsìnkú ló pọ̀ jù. Wọ́n á mú ìtàn ìgbésí ayé olóògbé wá pé bàbá wa jẹ́ èèyàn rere, olùfẹ́ni, onínúure. Mo máa ń bi wọ́n pé tó bá jí láàárọ̀ kí ló máa ń kọ́kọ́ ṣe. Wọ́n á dákẹ́, ẹnì kan á ní á lọ gbá ojúde kí ẹnikẹ́ni tó jí, òmíì á ní orin báyìí ló máa ń kọ, kí n tó mọ̀ wọ́n ti ń sunkún, ohun tí wọ́n wá sọ yẹn la máa kọ. Wọ́n ń sanwó ẹ̀ o, mo fi ń jẹun, mo fi ń ran àwọn ọmọ mi níléèwé.

Mo ti ní kí ọmọ àbúrò mi kọ nípa ìpàdé ẹbí yẹn gan-an. Ó ti kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, èyí tó mú wá lánàá dáa, ó rántí pé ẹ̀gbọ́n wa ń fi ìdí ife lu tábìlì nígbà tó ń sọ̀rọ̀, èmi tí mo wà níbẹ̀ ò kíyè sí i. Bàbá ẹ̀ ò tíì gbà. Sátidé tó ń bọ̀ la tún máa jókòó, mo sì ti ní kó mú ìwé náà dání, òun fúnra ẹ̀ ni kó kà á sí wọn létí.

Òǹkàwé yín,
Màkún, Ṣàgámù.