Lẹ́tà sí àbúrò mi tó ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò físíìsì, PHY 102

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo ti wo ìṣirò pápá iná tí o ya fótò rẹ̀ ránṣẹ́. Fọ́múlà rẹ pé, nọ́ńbà tí o fi sí i náà pé. Ìdáhùn ni kò bọ́ sí i, nítorí pé kò sí àwòrán kankan nínú ìwé rẹ. Ibi tí pápá kọjú sí ni kí o kọ́kọ́ mọ̀, kí o tó wá iye rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ nìyẹn.

Bí ìyá alákàrà bá gbé epo kaná, òórùn àkàrà á ti gba àdúgbò kí oníbàárà kankan tó yọjú. Bẹ́ẹ̀ ni ṣáàjì, ìyẹn ohun tó ní iná lára, ṣe ń ní pápá ní àyíká rẹ̀, yálà ṣáàjì mìíràn wà nítòsí tàbí kò sí. E, ìyẹn iye pápá, ni ipá tí ṣáàjì pọ́sítíìfù 1 coulomb ìbá rí bí a bá gbé e síbẹ̀, ìdí nìyẹn tí a fi ń kà á ní N/C (newton fún coulomb kan). Tí wọ́n bá ní kí o wá pápá ní ojú ibi tí a pè ní P, má wá ṣáàjì kankan kiri ní P, kò pọn dandan kí ó wà níbẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá béèrè ipá tó ń ti ṣáàjì q tí wọ́n gbé sí P lo máa tó fi q lọ́po E.

Fọ́múlà náà ni E = kQ/r². k jẹ́ 8.99 × 10⁹ N·m²/C², ṣùgbọ́n 9 × 10⁹ ti tó fún ìdánwò. Q ni ṣáàjì tó ni pápá, r sì ni bí ó ṣe jìn sí P. Coulomb, ará Faransé, ló fi okùn irin tín-ín-rín tó ń lọ́ wọn ọ̀rọ̀ r² yìí ní 1785. Bí o bá jìnnà ní ìlọ́po méjì, pápá á dín kù sí ìdá mẹ́rin.

Má fi àmì ìyọkúrò ara ṣáàjì sínú fọ́múlà. Iṣẹ́ àmì yẹn ti parí nígbà tí o bá ya ọfà tó ń fi ibi tí pápá kọjú sí hàn: ọfà ń sá fún pọ́sítíìfù, ó ń lọ bá nẹ́gẹ́tíìfù. P ni kí ìdí ọfà wà o, kì í ṣe orí ṣáàjì.

Ó yá, mú bébà. Ṣáàjì A, +2 nC (nC kan jẹ́ 10⁻⁹ coulomb), wà ní (0, 0). Ṣáàjì B, −5 nC, wà lápá ọ̀tún rẹ̀, ní (4 cm, 0). P wà lókè A tààrà, ní (0, 3 cm). Ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wàá rí onígun mẹ́ta 3, 4, 5, tí B sí P fi jẹ́ 5 cm. Ní P, ya ọfà kan tó ń lọ sókè, ti A nìyẹn. Ya èkejì kí ó dojú kọ B, sí ọ̀tún àti sí ìsàlẹ̀.

Ìgbà yìí ni kí o tó fọwọ́ kan kalikulétọ̀.

E ti A = 9 × 10⁹ × 2 × 10⁻⁹ ÷ (0.03)² = 18 ÷ 0.0009 = 20,000 N/C.
E ti B = 9 × 10⁹ × 5 × 10⁻⁹ ÷ (0.05)² = 45 ÷ 0.0025 = 18,000 N/C.

Ibí yìí ni ẹsẹ̀ ti ń yọ̀. Ẹnì kan á ro méjèèjì pọ̀, á kọ 38,000. Ẹlòmíràn á rí àmì ìyọkúrò lára B, á yọ ọ́, á kọ 2,000. Kò sí èyí tó gbà á. Bí ẹni méjì bá so okùn mọ́ ewúrẹ́ kan, tí kálukú ń fà á sí ibi tirẹ̀, ewúrẹ́ náà kò ní tọ ọ̀nà ẹnì kankan nínú wọn. Ohun tí à ń rò pọ̀ ni ẹ̀ka x (apá ọfà tó lọ sí ọ̀tún tàbí òsì) pẹ̀lú ẹ̀ka x, ẹ̀ka y (apá tó lọ sókè tàbí sísàlẹ̀) pẹ̀lú ẹ̀ka y.

Ọfà A kò ní ẹ̀ka x rárá. Ọfà B ń rin 4 sí ọ̀tún àti 3 sí ìsàlẹ̀ nínú gbogbo 5, nítorí náà ẹ̀ka x rẹ̀ jẹ́ 18,000 × 4/5 = 14,400, ẹ̀ka y rẹ̀ sì jẹ́ −10,800. O kò nílò sin tàbí cos, onígun mẹ́ta rẹ ti fún ọ. Ex = 14,400, Ey = 20,000 − 10,800 = 9,200. Square root (14,400² + 9,200²) fún wa ní nǹkan bí 17,100 N/C. Fún igun, tan⁻¹ (9,200 ÷ 14,400) jẹ́ 32.6 dígírì lókè ìlà x. Wo àwòrán rẹ: ọ̀tún àti òkè díẹ̀. Ó bá a mu.

Ní ti kalikulétọ̀ fúnra rẹ̀, bí o bá tẹ 45 ÷ 0.05 × 0.05, 45 ló máa fún ọ padà, nítorí ó pín tán, ó tún lọ́po. Bọ́tìnì x² ni kí o lò. Bí o bá fi 3 sílẹ̀ dípò 0.03, ìdáhùn á kéré ní ìlọ́po 10,000. Bí igun bá jáde ní 0.57, kalikulétọ̀ rẹ wà ní radian, kì í ṣe ní dígírì.

Wọ́n tún fẹ́ràn láti béèrè ibi tí pápá ti jẹ́ òfo. Ká ní +9 nC wà ní 0, +4 nC wà ní 10 cm. Bí o bá fi 9/x² = 4/(10 − x)² ṣe é, tí x jẹ́ bí ibẹ̀ ṣe jìn sí +9, ìdáhùn méjì ló máa jáde: 6 cm àti 30 cm. Ní 30 cm, ọfà méjèèjì dọ́gba lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibì kan náà ni wọ́n kọjú sí, wọn kò lè pa ara wọn rẹ́. 6 cm nìkan ló tọ̀nà. Yí +4 padà sí −4: ìṣirò kan náà, ìdáhùn méjì kan náà, àmọ́ 30 cm ló wá tọ̀nà. Algebra kò lè yan èyí tó tọ̀nà fún ọ. Ọfà ló ń yàn án, mo sì fẹ́ kí o fi ọwọ́ ara rẹ yà á kí o rí i.

Iṣẹ́ tí mo fún ọ rèé: padà sí ìbéèrè A àti B, kí o sọ B di +5 nC. Iye pápá ní P á jáde ní 34,000 N/C géérégé. Kalikulétọ̀ á sọ fún ọ pé igun jẹ́ −64.9 dígírì, ìyẹn ọ̀tún àti ìsàlẹ̀. Àwòrán rẹ á sọ pé òsì àti òkè ni. Àwòrán ni kí o gbà gbọ́, nítorí tan⁻¹ kò lè mọ̀ bóyá Ex ló ní àmì ìyọkúrò tàbí Ey. Fi 180 kún un, á di 115.1. Ya ọfà méjèèjì, kọ ọ́ tán, kí o ya fótò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ