Lẹ́tà sí àbúrò mi tó fẹ́ fi ijó sọ ìtàn omíyalé Ògùnpa

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Inú mi dùn gan-an pé omíyalé odò Ògùnpa lo mú fún ijó tuntun rẹ, èyí tí kámẹ́rà á ti máa wo àwọn oníjó, tí projector á sì máa tan àwòrán omi sórí aṣọ. Ọjọ́ Àìkú, 31 Oṣù Kẹjọ 1980, òjò rọ̀ n'Íbàdàn títí odò náà fi kún àkúnya, tó gbé ilé, ọjà àti ọ̀pọ̀ ẹ̀mí lọ. Nígbà tó di 26 Oṣù Kẹjọ 2011, omi tún ya wọ ìlú, ó lé ní 100 ènìyàn tó bá a lọ. Òjò nìkan kọ́ ló jẹ̀bi. Ilé tí wọ́n kọ́ sétí odò ńkọ́? Pàǹtí tí wọ́n ń dà sójú omi ńkọ́? Nítorí náà, má fi òjò bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ tó ń ju náílọ̀n sí gọ́tà ni kó o fi bẹ̀rẹ̀.

Wo ọwọ́ yẹn dáadáa. Èjìká kì í bá a ṣiṣẹ́. Ọrùn ọwọ́ nìkan ló ń yí, ojú ẹni náà á sì ti kúrò níbẹ̀ kí náílọ̀n tó balẹ̀. Oníjó tó bá fi gbogbo apá jù ú ti bà á jẹ́. Kí omi orí aṣọ máa fi sẹ̀ǹtímítà 5 gòkè nígbà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá jù: bí aṣọ bá ga ní mítà 3, ìjù 60 ló máa bò ó. Má fi kíkà náà sílẹ̀ fún kámẹ́rà o. Ọrùn ọwọ́ kéré jù fún un láti òkèèrè. Kí ẹnì kan jókòó ti láptọ́ọ̀pù, kó máa tẹ bọ́tìnì.

Kinect ẹlẹ́ẹ̀kejì, kámẹ́rà tó ń wọn bí nǹkan ṣe jìnnà sí i tó, tó o fẹ́ lò, dára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tòkunbọ̀ nìkan lo lè rí rà, torí Microsoft ti ṣíwọ́ ṣíṣe é láti 2017. Oríkèé 25 ló ń dá mọ̀ lára ènìyàn kan, ènìyàn 6 ló sì lè tẹ̀ lé lẹ́ẹ̀kan náà. Àmọ́ tí oníjó bá ti sùn sílẹ̀, ara rẹ̀ àti ilẹ̀ á di ọ̀kan lójú kámẹ́rà, oríkèé á máa fò kiri. Ijó omíyalé wo ni ẹnikẹ́ni ò ti ní sùn sílẹ̀? Fi oríkèé sílẹ̀. Gbé kámẹ́rà kọ́ sókè ní mítà 4, kó dojú kọ ilẹ̀, kí kọ̀ǹpútà máa fi kìkì ohun tó bá ga ju ilẹ̀ lọ ní sẹ̀ǹtímítà 10 hàn. Ó máa rí nǹkan bíi mítà 5.6 sí 4.6 nílẹ̀, ṣùgbọ́n ní ìwọ̀n orí ẹni tó dúró, kò ju nǹkan bíi mítà 3 lọ ní fífẹ̀. Fi téépù sàmì sí àárín, ibẹ̀ nìkan ni kí wọ́n ti máa dìde dúró.

Aṣọ dúdú lára oníjó máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ àìrí tí kámẹ́rà ń tàn mì, oòrùn ọ̀sán sì máa ń bò ó mọ́lẹ̀. Inú ilé ni kẹ́ ẹ ti máa dánra wò. Omi gidi, má dà á sílẹ̀ rárá: á máa dán bíi dígí lójú kámẹ́rà, oníjó á yọ̀ ṣubú, wáyà iná sì wà nílẹ̀. So láptọ́ọ̀pù àti projector mọ́ UPS, kí wọ́n má bàa kú tí iná bá lọ.

Àwòrán á máa pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn ara. Má bá a jà. Tún fi kún un, kó tó ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, kí oníjó ti dúró kí omi tó wá bá a. Bí omi ṣe máa ń ṣe nìyẹn.

Tí omi bá wá fà, kí ìlà ẹrẹ̀ kan ṣẹ́ kù lórí aṣọ, kó ga ju orí gbogbo wọn lọ, kí wọ́n sì máa gbálẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ títí iná á fi kú.

Fi fídíò ìdánrawò ránṣẹ́ sí mi, pàápàá ibi tí wọ́n ti ń sùn sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ.