Ẹ má fi òfin Íjíbítì darí kẹ̀kẹ́ ogun Hítì

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ̀ǹda àyè díẹ̀ fún wa ká bá àwọn tó ń kun ère ọmọ ogun kékeré lọ́dà, tí wọ́n sì ń fi wọ́n ṣeré ogun lórí tábìlì sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ń ka Bíbélì á ti gbọ́ nípa Ùráyà ará Hítì. Ṣùgbọ́n ìjọba Hítì tí à ń kun ère ọmọ ogun rẹ̀ yìí, tí olú ìlú rẹ̀ ń jẹ́ Hattusa ní ilẹ̀ Tọ́kì òde òní, ti fọ́ ní nǹkan bí ọdún 1180 ṣáájú ìbí Kristi, kí Dáfídì tó jọba. Nítorí náà, ẹ yéé kun orí ọ̀kọ̀ wọn bí irin. Idẹ ni wọ́n fi ń jà. Irin ṣọ̀wọ́n nígbà náà. Ọ̀dà aláwọ̀ pákó ni kẹ́ ẹ fi ṣe ìpìlẹ̀, kẹ́ ẹ fi aláwọ̀ idẹ lé e, kẹ́ ẹ wá fi ọ̀dà pupa rúsúrúsú tó ṣàn bí omi wẹ̀ ẹ́.

Kẹ̀kẹ́ ogun wọn gan-an ló ń dùn wá. Lára ògiri tẹ́ńpìlì Abu Simbel ní Íjíbítì, níbi tí Fáráò Ramesses Kejì ti gbẹ́ àwòrán ogun Kadesh tó bá Hítì jà ní nǹkan bí 1274 ṣáájú Kristi, èèyàn mẹ́ta ló wà nínú kẹ̀kẹ́ Hítì: ẹni tó di ìjánu, ẹni tó gbé asà, ẹni tó mú ọ̀kọ̀. Ti Íjíbítì, méjì péré ni: ẹni tó ń darí ẹṣin àti tafàtafà. Síbẹ̀, òfin eré tí wọ́n ṣe fún kẹ̀kẹ́ Íjíbítì ni ọ̀pọ̀ ń lò fún ti Hítì, wọ́n á tún fi dáìsì kan (bíi ti lúdò) kún èyí tó ń jù nínú ìjà nítorí ẹnì kẹta. Ìyára Íjíbítì, ọfà Íjíbítì, agbára Hítì! Ta ni yóò borí wọn?

Ẹ dín ìrìn kẹ̀kẹ́ Hítì kù láti íńṣì 12 sí 10, torí ẹnì kẹta wúwo fún ẹṣin méjì. Bó bá yí orí padà, kó pàdánù íńṣì 3. Ẹ gba ọfà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ fún un ní ọ̀kọ̀ jíjù tí kò kọjá íńṣì 6. Ìgbà tó bá kọ́kọ́ kọ lu ọ̀tá nìkan ni kó ju dáìsì mẹ́rin. Bí ọ̀tá ò bá túká, kó padà sí 2. Asà ń fún un ní 1 sí i lórí ìdáàbòbò, bí ọfà bá ti iwájú wá nìkan.

Èyí tó kù, ẹ má fò ó. Fáráò fúnra rẹ̀ ló ròyìn ogun náà, ó sì gbé ara rẹ̀ ga níbẹ̀, àmọ́ ó fi hàn pé kẹ̀kẹ́ Hítì wọ àgọ́ òun kí ìrànlọ́wọ́ tó dé; àwọn òpìtàn sì ní ó jọ pé ìkógun ni wọ́n dúró kó níbẹ̀. Kẹ̀kẹ́ Hítì tó bá wọ àgọ́, kó ju dáìsì kan: 1 sí 3, ó dúró kó ìkógun, kò gbọdọ̀ rìn títí yóò fi tún kàn án.

Ní ti ọ̀dà, ẹ kun àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kẹ́ ẹ tó lẹ̀ wọ́n mọ́ inú kẹ̀kẹ́, torí asà á bo àyà ẹni tó di ìjánu, búrọ́ṣì ò sì ní dé ibẹ̀ mọ́. Ẹ̀wù wọn gùn dé ẹsẹ̀, Òṣogbo ìlú aró ò sì gbọdọ̀ ṣe é láìdáa. Ẹ fi ọ̀dà aláwọ̀ aró tó dúdú kun gbogbo rẹ̀. Tó bá gbẹ, ẹ po funfun díẹ̀ mọ́ ọn, kẹ́ ẹ fi kan orí ìṣẹ́po aṣọ nìkan. Ẹ tún fi funfun kún un, ẹ fà á bí òwú tín-ín-rín sí ibi tí orúnkún ti ti aṣọ síta. Ẹ má fọwọ́ kan inú kòtò ìṣẹ́po.

Lásìkò ọyẹ́, ọ̀dà á gbẹ sórí búrọ́ṣì kó tó dé ara ère. Ẹ tẹ́ fóòmù tútù sínú abọ́ ike, ẹ fi bébà tí wọ́n fi ń yan àkàrà òyìnbó bò ó, kẹ́ ẹ máa po ọ̀dà lórí rẹ̀. Lásìkò òjò, ẹ má fín fáníìṣì inú agolo: ọ̀rinrin á sọ ọ́ di funfun bí eérú. Búrọ́ṣì ni kẹ́ ẹ fi kùn ún.

Ẹ kọ́kọ́ fi kẹ̀kẹ́ mẹ́fà sí mẹ́fà dán òfin yìí wò. Bí Hítì bá ṣì ń borí lẹ́yìn ìjà mẹ́ta, ẹ dín dáìsì ìkọlù náà sí 3, kẹ́ ẹ fi ìrìn rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà.

Àwa òǹkàwé yín,
Òṣogbo.