Lẹ́tà sí Bàbá láti Leeds: Ta Ló Yẹ Kó Lóṣòó Sẹ́yìn Igi Mẹ́ta?

Leeds,
Ọjọ́ 25, oṣù keje, 2023.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ẹ kú òjò, ẹ kú ọ̀rinrìn. Ṣé orúnkún yẹn ti ń gbọ́? Màmá sọ fún mi pé epo mọ́tò ti lé ní 500 náírà fún lítà kan, pé ẹ ti gbé mọ́tò tì sábẹ́ igi máńgòrò. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. Owó tí mo fi ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, oògùn ojú ni o, kì í ṣe epo.

Ẹ ní kí n má fi fóònù sọ ọ̀rọ̀ kíríkẹ́ẹ̀tì fún yín mọ́, pé ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti dùn gan-an ni ìlà máa ń já. Ọ̀rẹ́ mi kan ń bọ̀ nílé lọ́jọ́ Friday, òun ni màá fi ìwé yìí rán. Mo mọ̀ pé Àbíkẹ́ ni yóò kà á sí yín létí, nítorí náà màá máa là á yé e níbi tó bá ti yẹ, kó má baà máa fo ìlà.

Ìbéèrè tí ẹ bi mí kẹ́yìn ni mo fẹ́ dáhùn: kí ló dé tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ní kípà gidi nílé, ẹni tó ń wọ ìbọ̀wọ́ hán bọ́ọ̀lù, tí wọ́n wá gbé ìbọ̀wọ́ náà fún ẹlòmíràn? Bàbá, ọ̀rọ̀ yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀ ní yàrá ìsinmi àwa awakọ̀ bọ́ọ̀sì. Ọkùnrin àgbàlagbà kan wà láàárín wa, ọmọ Barnsley, ó ku ọdún kan kó fẹ̀yìn tì. Bó bá ti gbé tíì rẹ̀ kalẹ̀ báyìí, á da ṣúgà tí wọ́n dì sínú bébà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ sórí tábìlì, á bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó: èyí ni Duckett, èyí ni Crawley, èyí ni Root. Ẹni mọ́kànlá ni ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n ṣúgà méjìlá ló máa ń wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìkejìlá ni Ben Foakes. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń dá Foakes padà sínú ife.

Àbíkẹ́, kípà ni ẹni tó ń lóṣòó sẹ́yìn igi mẹ́ta. Bọ́ọ̀lù 540 ló yẹ kí wọ́n jù lóòjọ́ nínú eré Test láàárín orílẹ̀-èdè méjì, ọjọ́ márùn-ún sì ni eré kan. Gbogbo èyí tí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá jù ni kípà ń torí rẹ̀ lóṣòó, tó ń torí rẹ̀ dìde. Èyí tó hán, kò sẹ́ni tó ń pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹyọ kan tó bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọn yóò máa fi bú u títí. Bàbá ló kọ́kọ́ sọ èyí fún mi, lọ́jọ́ tí wọ́n na ọwọ́ òsì wọn sí mi, tí mo rí ìka kékeré tó ti wọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti ń ṣe kípà ní Government College, Ìbàdàn, ní Apata. Ìwọ náà wo ìka yẹn báyìí, kó o tó máa kà á lọ.

Kò sẹ́ni tó jiyàn pé Foakes, ọmọ ẹgbẹ́ Surrey, ni ọwọ́ rẹ̀ mọ́ jù nínú iṣẹ́ náà. Ọmọ Barnsley pàápàá gbà bẹ́ẹ̀. Lóṣù kejì, ní Wellington, rọ́ọ̀nù kan péré, ìyẹn ayò tí àwọn tó di bátì mú ń kó jọ, ni New Zealand fi na England. Foakes wà lára àwọn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ fà á yọ, ó rí 35. Ṣùgbọ́n Jonny Bairstow ni ìṣòro. Lọ́dún 2022, ìgbà mẹ́fà ló rí ọgọ́rùn-ún nínú eré Test, àfi bí ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀ lágọ̀ọ́. Ó lọ ta gọ́ọ̀fù lóṣù kẹsàn-án, ẹsẹ̀ yọ̀, ó kán. Wọ́n fi Harry Brook sí àyè rẹ̀. Brook jókòó, kò sì dìde mọ́: ọgọ́rùn-ún mẹ́rin nínú eré mẹ́fà àkọ́kọ́ tó gbá. Nígbà tí ẹsẹ̀ Bairstow wá jinná, ó dé ilé, ó bá ẹlòmíràn lórí àga.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Kí wọ́n ní kó máa wòran. Kí wọ́n yọ Zak Crawley tó ń kọ́kọ́ di bátì mú láti ṣí eré, kí Bairstow bọ́ síbẹ̀. Tàbí kí wọ́n gba ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́ Foakes fún un. Ben Stokes tó jẹ́ balógun wọn àti Brendon McCullum tó ń kọ́ wọn mú ìkẹta. Rọ́ọ̀nù ni wọ́n ń fẹ́. Èmi ní kí wọ́n yọ Crawley. Mo pariwo rẹ̀ débi pé mo búra: bí Crawley bá lè rí ọgọ́rùn-ún nínú ìdíje eré márùn-ún pẹ̀lú Australia yìí, tí wọ́n ń pè ní Ashes, èmi ni màá ra oúnjẹ ọ̀sán fún gbogbo tábìlì. Ẹ fi èyí sọ́kàn, mò ń bọ̀ wá síbẹ̀.

Eré àkọ́kọ́, ní Edgbaston, Stokes ní ó tó lọ́jọ́ kìíní gan-an, pé kí England má gbá mọ́, ní rọ́ọ̀nù 393 fún wíkẹ́ẹ̀tì 8, ìyẹn pé ẹni mẹ́jọ ti jáde, nígbà tí Root ṣì dúró digbí pẹ̀lú 118. Wọ́n ti sọ̀rọ̀ yẹn tó, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀. Ohun tó dun èmi ni ẹ̀yìn igi. Moeen Ali fi bọ́ọ̀lù tan Green ti Australia jáde kúrò nílé, ìyẹn ẹ̀yìn ìlà tó yẹ kí oníbátì dúró sí kí kípà má baà fi bọ́ọ̀lù wó igi rẹ̀, bọ́ọ̀lù ń bọ̀ lọ́wọ́ kípà, Bairstow kò rí i mú. Carey tó jẹ́ kípà Australia wà ní 26, bọ́ọ̀lù bọ́ lọ́wọ́ Bairstow, Carey bá tirẹ̀ lọ títí dé 66. Ká tó mọ̀, Cummins àti Lyon ti fi wíkẹ́ẹ̀tì méjì gba eré náà fún Australia. Mo dé yàrá ìsinmi lọ́jọ́ kejì, n kò sọ̀rọ̀, mo mú ṣúgà ìkejìlá nínú ife, mo gbé e síwájú ọmọ Barnsley. Ó wò ó. Ó já a, ó dà á sínú tíì, ó mu ún.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n rí níbí o. Ilẹ̀ Yorkshire ni Leeds àti Barnsley wà, Bradford tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ni wọ́n sì bí Bairstow sí. Bàbá rẹ̀, David, ṣe kípà fún Yorkshire ó sì ṣe é fún England, ọmọ Barnsley yìí sì fojú ara rẹ̀ rí i. Surrey ní tirẹ̀, ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ni. Ọmọ ẹni kò ní ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Bó o bá bi í nípa ìbọ̀wọ́, á ní ogún bàbá ni. Ibẹ̀ ni ẹnu mi máa ń wọhò díẹ̀, nítorí ẹ̀yin náà ni mo máa ń rántí.

Ti eré kejì, ní pápá Lord's ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ló jẹ́ ẹ̀rín. Bairstow di bátì mú, ó wà ní 10, ó bẹ̀rẹ̀ kí bọ́ọ̀lù kọjá lórí rẹ̀, ó fi bàtà ha ilẹ̀, ó bá rìn jáde kúrò nílé láti lọ bá ẹnìkejì rẹ̀ sọ̀rọ̀. Carey ti mú bọ́ọ̀lù, ó sọ ọ́ padà, igi wó. Àwọn àgbààgbà ẹgbẹ́ tó ni pápá náà, tí wọ́n wọ kóòtù, ń bú àwọn ará Australia bí ẹni tó ń bú olè lọ́jà. Mẹ́ta nínú wọn ni ẹgbẹ́ wọn sọ pé kó lọ rọ́kún nílé. Níbí ní yàrá ìsinmi, gbogbo wọn ní ojú ayé kò sí nínú rẹ̀. Èmi ní bọ́ọ̀lù kò tíì kú, ìyẹn pé eré ṣì ń lọ. Ọ̀rọ̀ yín ni mo tún sọ: má kúrò nílé kí bọ́ọ̀lù tó kú. Tí kípà kò bá mọ̀ pé kípà kejì ń ṣọ́ òun, ta ni yóò mọ̀ ọ́n? Wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì.

Fún eré kẹta, níbí ní Headingley, àwọn tó ń yan ẹgbẹ́ ṣe ohun tó dáa, mo sì gbà fún wọn. Èjìká Pope, ọ̀kan nínú àwọn oníbátì wọn, ti yẹ̀. Wọ́n fi Anderson àti Tongue tí wọ́n ń ju bọ́ọ̀lù sílẹ̀, wọ́n mú Mark Wood, Moeen àti Chris Woakes tí kò tíì gbá eré Test kankan láti oṣù kẹta ọdún tó kọjá. Wood ju bọ́ọ̀lù bí ọta ìbọn, ó gba wíkẹ́ẹ̀tì márùn-ún fún rọ́ọ̀nù 34. Lọ́jọ́ Sunday tó parí, iṣẹ́ ni mo wà. Mò ń wa bọ́ọ̀sì bọ̀ lójú Otley Road, iná pupa dá mi dúró. Ìyá arúgbó kan jókòó lẹ́yìn mi, ó ti rédíò pẹlẹbẹ mọ́ etí. Mo ṣàdédé gbọ́ ariwo kan láti apá òsì, bí ìgbà tí òjò ńlá bá ń bọ̀ lórí páànù. Kí ìyá yẹn tó lanu ni mo ti mọ̀ pé Woakes ti parí ẹ̀ fún England. Iná di àwọ̀ ewé, n kò rìn. Kò sẹ́ni tó fun fèrè sí mi.

Ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ ọmọ Bradford, àwọn òbí rẹ̀ wá láti Pakistan, kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ kípà rárá. Moeen ni tirẹ̀. Moeen ti fẹ̀yìn tì kúrò nínú eré Test láti 2021, Jack Leach tó ń yí bọ́ọ̀lù fún wọn ṣèṣe lẹ́yìn, Stokes bá fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ránṣẹ́ sí Moeen lórí fóònù, "Ashes?", Moeen rò pé ẹ̀fẹ̀ ni. Ìka rẹ̀ bó yánnayànna ní Edgbaston. Ọ̀rẹ́ mi yìí ní kí n má máa ka ṣúgà orí tábìlì nìkan, pé wọ́n ti ń yan ènìyàn tipẹ́ kí orúkọ tó jáde. Òun náà lọ dánra wò nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 14. Ó ní wọ́n wo bàtà rẹ̀ kí wọ́n tó wo ọwọ́ rẹ̀. Ìgbìmọ̀ kan gbé àbọ̀ ìwádìí jáde lóṣù tó kọjá pé ẹlẹ́yàmẹ̀yà àti ọ̀rọ̀ ọmọ olówó ti wọ inú eré náà wá dé egungun. Ó ní òun kò nílò ìwé kó tó mọ̀.

Ọjọ́ yẹn ni mo sọ ìtàn D'Oliveira fún wọn, bí ẹ ṣe ń sọ ọ́. Pé ẹ wà ní kíláàsì kẹta ní 1968, rédíò olùkọ́ yín wà lójú fèrèsé. Pé ọkùnrin tí ìjọba aláwọ̀ funfun South Africa kò jẹ́ kó gbá bọ́ọ̀lù fún ìlú rẹ̀ wá sí England, ó na Australia ní 158 ní Oval, wọ́n sì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lára àwọn tó ń lọ South Africa. Pé nígbà tí Cartwright, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n yàn, ṣèṣe, tí wọ́n wá fi D'Oliveira dípò rẹ̀, Vorster, olórí ìjọba South Africa, ní òun kò gba irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, ìrìn àjò náà bá fọ́. Pé ẹ kò jẹun alẹ́ ọjọ́ yẹn. Ọmọ Barnsley gbọ́ ọ tán, kò fèsì. Ó kó gbogbo ṣúgà náà padà sínú ife, ó lọ gbé bọ́ọ̀sì rẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Ní eré kẹrin, ní Old Trafford, lọ́jọ́ Thursday tó kọjá, Crawley tí mo ní kí wọ́n yọ rí 189. Kì í ṣe 100 o, 189, nínú bọ́ọ̀lù 182. Bairstow fò, ó fi ọwọ́ kan hán bọ́ọ̀lù tí Marsh ti Australia gbá, nǹkan tí ẹ̀yin pàápàá ìbá pàtẹ́wọ́ fún. Ó tún na 99, àwọn tó kù jáde tán, ọ̀kan kò kún un. England kó 592 jọ. Ẹja díndín àti ọ̀dùnkún fún ènìyàn mẹ́fà ni mo rà. Òjò bá dé lọ́jọ́ Saturday, ọjọ́ Sunday wọn kò ju ẹyọ bọ́ọ̀lù kan, wọ́n ta ọ̀mì. Bí Australia tó ti ní ife Ashes lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀ ṣe mú un dání nìyẹn, 2 sí 1, eré kan ṣoṣo ló kù.

Ní Oval ni, lọ́jọ́ Thursday. Nígbà tí ìwé yìí bá máa fi dé ọwọ́ yín, yóò ti parí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n kọ tèmi sílẹ̀ nísinsìnyí, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ni mo gbọ́n: Duckett, Crawley, Root ní ipò kẹta, Brook, Stokes, Bairstow láìsí ìbọ̀wọ́, Foakes, Moeen, Woakes, Wood, Broad. Anderson ni mo yọ. Ó dùn mí, ọkùnrin tó ti gba wíkẹ́ẹ̀tì tó lé ní 680, tí yóò pé ọdún 41 lọ́jọ́ Sunday. Ṣùgbọ́n mẹ́rin péré ló gbà nínú eré mẹ́ta. Ọmọ Barnsley ní ẹgbẹ́ mi yóò wó lọ́jọ́ kejì, pé orúnkún Stokes kò jẹ́ kó jù, ajubọ́ọ̀lù mẹ́rin ni mo ní, ìka ọ̀kan nínú wọn ti bó. Òótọ́ ló sọ. N kò sì yí i padà.

Bàbá, ẹ ní kí Àbíkẹ́ wo inú àpótí irin tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, bóyá eku kò tíì jẹ ìbọ̀wọ́ yín. Ọmọọmọ yín níbí ti pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, bátì kò wù ú, ẹ̀yìn igi ló máa ń sá lọ. Ọ̀rẹ́ mi tí mo fi ìwé yìí rán ń padà bọ̀ lọ́jọ́ 20 oṣù kẹjọ. Kí wọ́n fi bébà wé e, kí wọ́n má fọ̀ ọ́.

Èmi ni ọmọ yín,
Àkànní.