Òfin ìbọn ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti ẹni tó jalè lẹ́ẹ̀kan

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Lẹ́tà kan tí ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn ló mú mi kọ èyí. Ẹni tó kọ ọ́ ní ẹnikẹ́ni tí kóòtù Amẹ́ríkà bá ti dá lẹ́bi ọ̀ràn ńlá rí, kò yẹ kó fọwọ́ kan ìbọn mọ́ títí tó fi máa kú. Ó wá fi òwe dè é: ẹni tó bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bó da àrán borí, aṣọ olè ló dà bora.

Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń gbé ní Philadelphia, iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó nílé wọn ni mò ń ṣe. Mi ò fẹ́ràn ìbọn rárá. Wọ́n yìnbọn pa ọmọ ọdún 19 kan nínú ìjọ wa nílé epo, mo sì wà lára àwọn tó di ìyá rẹ̀ mú létí sàréè lọ́jọ́ ìsìnkú. Ẹ má rò pé mo fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ohun tí ojú mi rí.

Bàbá kan wà tí mo tọ́jú ìyàwó rẹ̀ títí tí màmá fi jáde láyé. Aláwọ̀ dúdú ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ní 1986, ó fọwọ́ sí sọ̀wédowó ọ̀gá rẹ̀ bí ẹni pé ọ̀gá ló fọwọ́ sí i, ó sì gba owó tí kì í ṣe tirẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi pé òun jẹ̀bi. Wọn ò rán an lẹ́wọ̀n. Ó san owó náà padà, ó ń lọ fara han àwọn òṣìṣẹ́ kóòtù títí àsìkò tí wọ́n dá fún un fi pé. Láti ìgbà náà, kò sí ẹjọ́ mìíràn lọ́rùn rẹ̀. Ó ń san owó orí, ó ń dìbò, díákónì ni ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ ní ìbọn ọdẹ kan tó jogún lọ́wọ́ bàbá tó bí i lọ́mọ. Inú àpótí onírin ni wọ́n tì í mọ́, ọrùn màmá sì ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ máa ń wà. Kì í bọ́ ọ sílẹ̀, àní bí mo bá ń wẹ̀ fún un. Bí kọ́kọ́rọ́ yẹn bá lè tẹ ọkọ lọ́wọ́, òfin lè sọ pé ìbọn ti wà níkàáwọ́ rẹ̀ nìyẹn, kódà kó má tíì rí i sójú. Lówùúrọ̀ tí màmá kú, Bàbá ò fọwọ́ kan okùn ọrùn yẹn. Èmi ló ní kí n bọ́ ọ, ó sì pe ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù pé kó tètè máa bọ̀. Nígbà tí ọmọkùnrin náà ń gbé ìbọn jáde, Bàbá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó fi ọ̀kan di èkejì mú. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe dúró títí wọ́n fi gbé e kọjá lára rẹ̀. Òkú ìyàwó rẹ̀ ṣì wà lórí ibùsùn.

Òfin tó ń bà á lẹ́rù ni èyí tí wọ́n ṣe ní 1968. Ó ní ẹni tó bá ti jẹ̀bi ẹ̀ṣẹ̀ tí ìjìyà rẹ̀ lè ju ẹ̀wọ̀n ọdún kan lọ, ì báà má lo ọjọ́ kan lẹ́wọ̀n, kò gbọdọ̀ ní ìbọn, kò gbọdọ̀ ní ọta. Ọta kan ṣoṣo tó nǹkan. Ẹ̀wọ̀n ọdún 10 ló gùn jù tẹ́lẹ̀, ní 2022 wọ́n sọ ọ́ di 15. Bẹ́ẹ̀ nígbà tí ìjọba àpapọ̀ kọ́kọ́ ṣe irú òfin yìí ní 1938, àwọn oníwà ipá ló dojú kọ: apànìyàn, ajínigbé, adigunjalè. Ìgbà tó di 1961 ni wọ́n wá da gbogbo ọ̀daràn pọ̀ sínú àpò kan náà.

Ẹ wo òfin ìbọn tiwa nílé, tó ti wà láti 1959. Ó ka àwọn tí kò gbọdọ̀ gbàwé àṣẹ: ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17, ẹni tórí rẹ̀ ò pé, ẹni tójú rẹ̀ ò ríran dáadáa, ọ̀mùtí, àti ẹni tó jẹ̀bi ìwà ipá tàbí tó fi ipá halẹ̀ mọ́ ènìyàn láàárín ọdún 5 sẹ́yìn. Mo mọ̀ pé ìwé àṣẹ ò rọrùn gbà ní Nàìjíríà, mo sì mọ̀ pé ìbọn tí kò níwèé pọ̀ nínú igbó. Síbẹ̀, ìlà kan yẹn mọ́gbọ́n wá. Ó béèrè ohun tí o fi ọwọ́ rẹ ṣe, ó tún béèrè pé ó ti tó ìgbà wo.

Ọkùnrin kan ní Pennsylvania níbí, Bryan Range, gbé irú ọ̀rọ̀ yìí lọ sí kóòtù. Ní 1995, nígbà tó ń gé koríko ní nǹkan bíi dọ́là 9 ní wákàtí kan, tó lọ́mọ mẹ́ta nílé, òun àti ìyàwó rẹ̀ ò kọ gbogbo owó tó ń wọlé fún un sínú fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi gba ìrànwọ́ oúnjẹ lọ́wọ́ ìjọba. Dọ́là 2,458 ni gbogbo ìrànwọ́ tí kò tọ́ sí wọn tí wọ́n gbà. Ó san án padà, kò sẹ́wọ̀n. Síbẹ̀ òfin gba ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀ títí ayé, bíi tẹni tó pànìyàn gẹ́lẹ́. Ní oṣù Kejìlá 2024, adájọ́ 13 nínú 15 ní ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tó wà ní Philadelphia dá a láre. Ṣùgbọ́n òun nìkan ni wọ́n dá ẹjọ́ náà fún. Ní oṣù Karùn-ún 2025, irú ilé-ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ tó ń bójú tó California sọ pé ẹni tó bá ti jẹ̀bi ọ̀ràn ńlá, ipá wà níbẹ̀ o, ipá ò sí níbẹ̀ o, ìbọn ò tọ́ sí i. Ibi tí èèyàn ń gbé ló wá ń pinnu ẹ̀tọ́ rẹ̀.

Òfin 1968 náà ní ilẹ̀kùn kan nínú o: ẹni tó ti yíwà padà lè kọ̀wé pé kí wọ́n dá ẹ̀tọ́ òun padà. Láti 1992 ni Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ti ń fòfin dè é pé ATF, iléeṣẹ́ tó yẹ kó ka irú ìwé bẹ́ẹ̀, kò gbọdọ̀ ná kọ́bọ̀ lé e lórí. Ilẹ̀kùn ń bẹ, wọ́n kàn án níṣòó. Nígbà tí iléeṣẹ́ ètò ìdájọ́ Amẹ́ríkà wá gba ọ̀nà mìíràn ṣí i ní 2025, òṣèré Mel Gibson wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ dá tiwọn padà fún. Ẹ̀sùn pé ó lu obìnrin tó ń fẹ́ ni kò jiyàn sí ní 2011. Èyí dùn mí gan-an. Ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn lílu obìnrin kàn kọjá wọlé, ẹni tó fọwọ́ sí sọ̀wédowó ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn ṣì wà níta.

Mi ò ní kí wọ́n fún àwọn ajìjàgboro níbọn. Ní 2024, nínú ẹjọ́ Rahimi, adájọ́ 8 nínú 9 ní ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé ẹni tí kóòtù bá rí pé ó lè ṣe ẹlòmíì léṣe, wọ́n lè gba ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìgbà kan. Mo fara mọ́ ọn tọkàntara, ìyá tí a dì mú létí sàréè yẹn á fara mọ́ ọn náà. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí òfin ya ẹni tó ṣèèyàn léṣe sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó purọ́ lórí ìwé, kó dá ọdún fún un, kí ìwé tí tálákà kọ sì rí ẹni kà á bíi ti gbajúmọ̀. Nínú àwọn tí kóòtù ìjọba àpapọ̀ ń rán lẹ́wọ̀n lórí òfin yìí, àwọn aláwọ̀ dúdú ju ìdajì lọ. Àwa Yorùbá tó wà níbí, àwọn ọmọ wa wà nínú wọn. Òwe aṣọ olè yẹn ń sọ bí ẹnu aráyé ṣe rí. Kò sọ pé kí adájọ́ fi ṣòfin.

Ní oṣù Kọkànlá tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n Bàbá fi ìbọn náà pa àgbọ̀nrín, ó gbé itan kan wá fún un. Bàbá gé níbẹ̀ fún mi, mo fi se ọbẹ̀, mo gbé díẹ̀ padà fún un. Ibẹ̀ ni mo ti sọ fún un pé mo fẹ́ kọ lẹ́tà yìí. Ó ní ó dára, àmọ́ kí n jọ̀wọ́, kí n má kọ orúkọ òun síbẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Tólú,
Philadelphia, Pennsylvania