Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ ọmọ bá etí rẹ̀ gbọ́ àlọ́

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Mo kọ lẹ́tà yìí nítorí ìwé kan tí ọmọ ọmọ mi, tó jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún, mú ti ilé-ìwé rẹ̀ bọ̀ ní Ìlọrin. Ìtàn Ìjàpá àti Erin ni wọ́n tẹ̀ sínú rẹ̀ ní ìlà bíi mẹ́fà, wọ́n sì ní kí ọmọ náà dárúkọ ẹranko méjì, kí ó sì há ẹ̀kọ́ tí ìtàn náà kọ́ wa sórí. Ó há a sórí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ní kí ó pa àlọ́ náà fún mi, kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀, kò sì mọ̀ pé àlọ́ náà ní orin.

Mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ilẹ̀ Ìgbómìnà kí n tó fẹ̀yìn tì. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń bẹ̀ àwọn olùkọ́ wa: kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nǹkan tó wà nínú àlọ́ kí wọ́n tó bi í ní ìbéèrè kankan.

Ẹ wo àlọ́ Erin yìí. Àwọn ará ìlú gbẹ́ kòtò, wọ́n tẹ́ ẹní lé e, wọ́n gbé àga ọba sórí ẹní náà, Ìjàpá sì fi orin tan Erin láti inú igbó wá jókòó síbẹ̀. Ẹní yẹn ni gbogbo àlọ́ náà rọ̀ mọ́. Ní kíláàsì mi, a máa ń gé páálí àti ìwé àtijọ́ ní tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, àwọn ọmọ á sì máa hun ún, ọ̀kan á gba òkè, èkejì á gba ìsàlẹ̀, títí yóò fi di ẹní kékeré. Ọmọ Ìlọrin tó ti rí ibi tí wọ́n ti ń hun aṣọ òfì kì í pẹ́ mọ̀ ọ́n. A ó gbẹ́ kòtò sínú yanrìn, a ó tẹ́ ẹní lé e, a ó fi amọ̀ mọ Erin. Bí gbogbo kíláàsì bá ti ń gbe orin, tí Erin já sínú kòtò, ariwo á sọ, ìbéèrè á sì tẹ̀ lé e: “Àǹtí, kí ló dé tí Erin kò wo abẹ́ ẹní?” Ọmọkùnrin kan sunkún nítorí Erin lọ́jọ́ kan, ó ní òun kò gbe orin Ìjàpá mọ́ láé. N kò tíì rí ẹ̀kọ́ àhásórí tó wọ ọmọdé lára tó bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe àlọ́ Ìjàpá nìkan. Ní Èsìẹ́, tí kò jìnnà sí Ọ̀mù-Àrán, ère òkúta tó lé ní 1,000 wà nínú mùsíọ́mù tí wọ́n ṣí lọ́dún 1945, ìtàn ìlú náà sì ni pé àlejò tó di òkúta ni wọ́n. Ọmọ tó bá ti wò wọ́n, tó sì fi amọ̀ mọ tirẹ̀, yóò lè sọ ìtàn náà láìwo ìwé.

Àwọn kan á ní alẹ́ ni à ń pa àlọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n ló ń bá àwọn ọmọ wa ṣeré lálẹ́ báyìí.

Lọ́dún 2022 ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀; lọ́dún 2025 wọ́n fagi lé e. Ó dùn mí gan-an, nítorí láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní Ilé-Ifẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí àwọn ọmọ náà kò sì gbẹ́yìn ẹgbẹ́ wọn. Ìwọ̀nba àkókò tó kù fún Yorùbá ní kíláàsì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ṣe àhásórí.

Kí àwọn ọ̀gá ilé-ìwé yọ̀ǹda ìdajì wákàtí lọ́sẹ̀, kí wọ́n sì jẹ́ kí àwọn ìyá àgbà àdúgbò wọlé wá pa àlọ́ fún àwọn ọmọ. Púpọ̀ nínú wa wà nílé, a kò sì ní gba owó.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, Ọ̀mù-Àrán