Lẹ́tà sí Ẹ̀yin Ọ̀dọ́ Ẹgbẹ́ Wa Nílẹ̀ Òkun: Ẹ Múra Kí Ìròyìn Tó Dé

Ẹ̀yin ọmọ mi ní Yàgbà, Ìjùmú, Bùnú, Kàbà àti Ọ̀wọ́rọ̀, ẹ̀yin ọmọ Òkun ní Ìpínlẹ̀ Kogi,

Òkun o. Mo kí yín kú iṣẹ́ oko. Mo kí ẹ̀yin tí ẹ kì í di ọkọ́ mú pẹ̀lú, ẹ̀yin tí ẹ ń ra irè oko, tí ẹ ń yan gàrí, tí ẹ ń kó ẹrù lọ sí Lọ́kọ́ja àti Àbújá. Inú ẹgbẹ́ kan náà ni gbogbo wa wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn àgbẹ̀ kan ṣì ń wò yín bí ẹni tó wá jẹ nínú òógùn wọn.

Ohun tó mú mi kọ̀wé ni ìròyìn tí ẹ ń fi ránṣẹ́ síra yín. Ẹ̀yáwó tuntun ti dé. Wọ́n fẹ́ fún àwọn ọ̀dọ́ àgbẹ̀ lówó. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wà ní Àbújá, ẹni tó bá yá ni tirẹ̀. Mò ń rí wọn, nítorí ẹ fi èmi náà kún àwọn tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sí, ẹ sì ṣeun. Ṣùgbọ́n ogún ènìyàn lè fi ìròyìn kan náà ránṣẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo má ka fọ́ọ̀mù rẹ̀ dé ìsàlẹ̀. Nígbà tó bá wá ku ọ̀la kí wọ́n tì í, ìgbà yẹn ni ariwo ń sọ: ta ni akọ̀wé wa? Ọwọ́ ta ni ìwé ìforúkọsílẹ̀ wà? Ṣé ẹgbẹ́ tilẹ̀ ní àkáǹtì?

Ìròyìn àǹfààní kò wọ́n wa. Ẹni tó ti múra dè é ló wọ́n. Ìgbà tí kò sí ìròyìn kankan rárá ni iṣẹ́ ìmúra yẹn wà.

Ẹ wo APPEALS, ètò ìrànwọ́ fún àwọn àgbẹ̀. Owó Báńkì Àgbáyé ni wọ́n fi ṣe é, ìpínlẹ̀ 6 péré ló jàǹfààní rẹ̀ ní gbogbo Nàìjíríà, Kogi sì wà lára wọn. Kajú, gbágùúdá àti ìrẹsì ni wọ́n yàn fún wa. Ó kásẹ̀ nílẹ̀ ní 2023. Ẹ tún wo VCDP, ètò ìrànwọ́ àgbẹ̀ ti IFAD, àjọ Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè tó ń fowó ran iṣẹ́ àgbẹ̀ lọ́wọ́, tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ 6 mìíràn kí wọ́n tó fi Kogi, Enugu àti Nasarawa kún un, lórí gbágùúdá àti ìrẹsì. Iṣẹ́ ADP, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń rí sí ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀, ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, ní ẹkùn tiwa yìí tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀, mo sì ti jókòó ti ọ̀pọ̀ ènìyàn níbi tí wọ́n ti ń kọ irú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀. Orúkọ ètò máa ń yí padà, ìbéèrè wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ yí. Ẹgbẹ́ wo ni ẹ wà? Ṣé ìjọba mọ̀ ọ́n? Báwo ni oko yín ṣe tóbi tó? Kí ni ẹ kórè lọ́dún tó kọjá, èló ni ẹ tà á? Kí ni ẹ ó fi owó náà ṣe, èló nínú tiyín ni ẹ ó sì fi kún un? Kò sí ìkankan nínú ìwọ̀nyí tí ènìyàn lè jí dá lóru ọjọ́ kan.

Nítorí náà ẹ fi orúkọ ẹgbẹ́ yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Ènìyàn 10 péré ni òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ń béèrè kí ẹgbẹ́ kékeré tó lè fìdí múlẹ̀. Ènìyàn mẹ́wàá tó mọ ara wọn, tí oko wọn kò jìnnà síra, sàn fún mi ju igba orúkọ tí a kó jọ nítorí pé wọ́n ní òṣèlú kan ń bọ̀. Ẹ ṣí àkáǹtì tó jẹ́ ti ẹgbẹ́, kí ó má jẹ́ ti alága. Kí àwọn tó ń fọwọ́ síwèé ju ẹnì kan lọ, kí wọ́n má sì jẹ́ tọkọtaya. (Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Mo ti rí i.) Ẹ máa kọ ohun tí ẹ bá sọ ní ìpàdé sílẹ̀, kí olúkúlùkù yín sì ní ìwé kékeré kan tó ń kọ nǹkan oko rẹ̀ sí: ọjọ́ tí mo gbìn, iye tí mo fún lébìrà, iye kílò tí mo kó, iye tí mo tà á. Ẹni tó bá ní irú ìwé yẹn fún ọdún méjì, òṣìṣẹ́ báńkì yóò gbé àga fún un.

Lórí àwọn gbájúẹ̀, mi ò ní pẹ́ púpọ̀. Ẹni tó bá ní kí ẹ san owó kí ẹ tó gba fọ́ọ̀mù owó ọ̀fẹ́, ẹ sá fún un. Ọ̀fẹ́ ni ìforúkọsílẹ̀ SMEDAN, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí okòwò kéékèèké. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè nọ́ńbà tí báńkì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín, ìyàwó gómìnà ìbáà jẹ́, ẹ má fún un.

Ìròyìn kan wà tí ẹnikẹ́ni nínú yín kò fi ránṣẹ́ sí mi rí, lójú tèmi ó sì ju gbogbo èyí tó kù lọ. Ní 2023, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe òfin kan lórí kòkó, kọfí, epo pupa, sóyà, rọ́bà, igi gẹdú àti màlúù. Òfin náà ní, bí ọjà kan nínú wọn bá jẹ́ láti orí ilẹ̀ tí wọ́n pa igbó rẹ̀ run lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2020, kò gbọdọ̀ wọ ilẹ̀ wọn. Wọ́n ti sún ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, àwọn kan níbí sì ti ń sọ pé àwọn òyìnbó ti jáwọ́. Àwọn tó ń ra kòkó wa kò sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ti ń rán ènìyàn káàkiri láti lọ máa ya àwòrán oko. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ ni èyí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí wọ́n ń fẹ́, nítorí kò le tó bí ẹ ṣe ń bẹ̀rù rẹ̀. Ibi tí oko wà gan-an ni wọ́n fẹ́ mọ̀, àwọn nọ́ńbà tí fóònù yín lè gbà láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì lójú ọ̀run tí ẹ bá dúró sí àárín oko. Fún oko tí kò ju hẹ́kítà 4 lọ, nọ́ńbà ojú kan ti tó. Èyí tó bá tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ní láti rìn yí i ká kí ààlà rẹ̀ lè hàn. Ọ̀pọ̀ oko kòkó ní Ìjùmú àti Kàbà, àti àwọn oko kọfí tí àwọn bàbá yín fi sílẹ̀ tí koríko ń bò, kò tó hẹ́kítà 4. Ọ̀dọ́ kan tó ní fóònù lè ya oko àdúgbò rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kí ó kọ orúkọ onílẹ̀, ọdún tí wọ́n gbìn ín, àti ohun tó wà lórí ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin ni ẹ lè ṣe iṣẹ́ yìí. Ojú tiwa kò ríran nínú fóònù mọ́.

Bí olùrà bá sì wá ya oko yín fúnra rẹ̀, ẹ gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ gba ẹ̀dà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ rẹ̀ nìkan ni àwòrán oko yín wà, òun nìkan ni ẹ ó máa tà fún, iye tó bá sì wù ú ni yóò san.

Èyí tó ń dùn mí jù nìyí. Ní 2024, tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá 10,000 dọ́là lọ́jà àgbáyé. Ojú gbogbo ènìyàn là. Àwọn ọmọ tó ti ń fi oko bàbá wọn ṣe yẹ̀yẹ́ padà wálé, àwọn kan nínú wọn sì wọ inú igbó tí ẹnikẹ́ni kò dá rí, wọ́n gé e lulẹ̀, wọ́n gbin kòkó. Kí igi wọn tó ga dé orúnkún, owó kòkó ti já wálẹ̀ ní 2025. Ìyẹn tilẹ̀ lè gòkè padà, bí ọjà ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ṣùgbọ́n igbó tí a gé lẹ́yìn 2020 kò lè padà di ti àtijọ́, sátẹ́láìtì sì rí i nígbà tí ẹ ń gé e. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gbin kòkó, ẹ padà sínú oko àwọn bàbá yín tó ti gbó. Ẹ gé àwọn igi tí kò so mọ́, kí ẹ fi tuntun rọ́pò wọn. CRIN, ilé ìwádìí kòkó ti ìjọba tó wà ní Ìbàdàn, ti gbé irú kòkó mẹ́jọ jáde láti 2010, TC1 dé TC8, tó máa ń tètè so ju ti àtijọ́ lọ. Kí ẹgbẹ́ rán ẹnì kan lọ gbà á fún gbogbo yín, dípò kí olúkúlùkù máa ra ọmọ kòkó tí kò mọ ìran rẹ̀ létí títì.

Ẹ bá ẹbí sọ̀rọ̀ kí ẹ tó gbin igi. Ẹni tó bá gbin ẹ̀gẹ́ sórí ilẹ̀ ẹbí, kò sí ẹni tí yóò bi í léèrè. Ẹ jẹ́ kó gbin kòkó, kí ẹ wá wo bí àwọn ẹ̀gbọ́n Èkó yóò ṣe sáré wálé. Ìwé àdéhùn tí àwọn àgbà ẹbí fọwọ́ sí, tí ẹlẹ́rìí wà níbẹ̀, ẹ gbà á kí ẹ tó wa ihò àkọ́kọ́.

Ẹ̀yin ará Bùnú yóò máa béèrè pé kí ni mo ní í sọ lórí Alápè, ìlú yín. Nígbà tí Akínwùmí Adéṣínà jẹ́ mínísítà ètò ọ̀gbìn, láàárín 2011 sí 2015, wọ́n yan ibẹ̀ fún iṣẹ́ gbágùúdá ńlá, inú gbogbo wa sì dùn. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹ̀gẹ́ tí a bá ti wú nílẹ̀, ọjọ́ 2 sí 3 ló ní kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, kò sì mọ ìkéde ìjọba. Ibi tí àwọn ìyá wa ti ń rẹ́ ẹ, tí wọ́n ń lọ̀ ọ́, tí wọ́n ń yan án, ni owó rẹ̀ wà báyìí. Ẹ̀rọ ìlọgàrí kan tó dára, kànga kan, àti òrùlé tí òjò kò lè wọ̀, ẹgbẹ́ kékeré lè fi èésú dá a sílẹ̀ láìdúró de ẹnikẹ́ni.

Bí mo ti dárúkọ àwọn ìyá wa, ẹ mú ìwé orúkọ ẹgbẹ́ yín kí ẹ kà á. Àwọn obìnrin ló ń ṣe gàrí, láfún àti ẹ̀gúsí wa, àwọn ló ń yọ kajú lára èso, ṣùgbọ́n orúkọ ọkọ ló kún inú ìwé. Ọkọ mìíràn wà tí kò dé oko láti ìgbà Ìkórè tó kọjá. Tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ bá dé, òun ni yóò lọ, yóò jẹun, yóò gba báàgì, yóò sì padà wá sùn. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ àwọn ètò wọ̀nyí máa ń ya àyè sọ́tọ̀ fún obìnrin àti ọ̀dọ́, àwa ni a ń fi ọwọ́ ara wa tì í padà.

Nípa ọ̀nà oko, ẹ mọ bí ìgbà ṣe rí. Ẹ má dá lọ. Ẹ padà sí àáró bí àwọn baba wa ti ń ṣe é, kí ẹ jọ lọ, kí ẹ jọ bọ̀, kí ẹnì kan nílé sì mọ ìhà tí ẹ gbà. Kò sí irè oko tó tó ẹ̀mí.

Ó wá ku kajú, tí òfin Yúróòpù yẹn kò dárúkọ, tó sì jẹ́ pé òun ni yóò kọ́kọ́ dé. Láti oṣù kejì ni àwọn alágbàtà yóò ti máa gun ọ̀kadà wọ abúlé. Wọ́n á sọ pé kajú yín kò dára, kí wọ́n lè já owó rẹ̀ wálẹ̀, ẹ kò sì ní mọ ohun tí ẹ ó fi dá wọn lóhùn. Ọ̀nà tí àwọn olùrà ńlá ń gbà díwọ̀n rẹ̀ kò jẹ́ àṣírí: wọ́n á bu díẹ̀ nínú àpò, wọ́n á là á, wọ́n á wọn ọmọ inú rẹ̀ tó dára, wọ́n á sì ṣírò iye pọ́n-ùn tí yóò jáde nínú àpò kílò 80. Èyí ni wọ́n ń pè ní KOR. Bí ọmọ inú bá ṣe wúwo tó ni owó ṣe ń gòkè. Ẹ̀yin náà lè là á wò kí wọ́n tó dé. Ẹ jẹ́ kó já fúnra rẹ̀, ẹ má fi igi lù ú sílẹ̀ ní tútù. Ẹ yọ ọ́ lára èso lọ́jọ́ náà, ẹ sá a sóòrùn fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta kó gbẹ dáadáa, kí ẹ sì kó o sínú àpò ìdọ̀họ tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀. Àpò ajílẹ̀ máa ń mú kó hu èbu. Lẹ́yìn náà, kí ènìyàn mẹ́wàá kó tiwọn jọ sí ojú kan, kí ẹ pe olùrà mẹ́ta, kí olúkúlùkù wọn dá iye tirẹ̀ láìgbọ́ ti ẹnì kejì.

Gbogbo èyí kò lè ṣeé ṣe bí ó bá jẹ́ òṣùwọ̀n alágbàtà ni ẹ ń lò. Owó àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ bá dá, ẹ má fi ra aṣọ ẹbí. Ẹ fi ra òṣùwọ̀n tó péye, kí ó wà lọ́wọ́ ẹni tí gbogbo yín fọkàn tán, kí ẹ sì ti dán an wò kí oṣù kìíní tó parí.

Èmi ni,
Ọ̀kan nínú àwọn bàbá yín,
Ìjùmú.